Àga Ẹ̀gbẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Delmira

Iṣẹ́ tí Hebe Castagnola fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ní ìlú Montevideo kò ṣeé fojú rí. Dókítà ni, olùwádìí sì ni. Oògùn tó ń tan ìtànṣán ló fi ń lé àrùn jẹjẹrẹ inú ọrùn. Aláìsàn á gbé oògùn náà mì, oògùn á wá àrùn náà kàn níbikíbi tó bá sá pamọ́ sí, á sì jó o pa. Ṣùgbọ́n fún ọjọ́ mélòó kan, ìtànṣán á máa jáde lára aláìsàn fúnra rẹ̀, nínú òógùn àti nínú itọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tì í mọ́ yàrá tí wọ́n fi òjé bo ògiri rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í wọlé tọ̀ ọ́.

Delmira, ìyá àgbà kan tó ń sin àgùntàn lápá ìlú Treinta y Tres, wọ yàrá náà nígbà òtútù. Kò sunkún, kò béèrè ìgbà tí wọ́n máa ṣílẹ̀kùn. Àga kan ṣoṣo ló tọrọ, kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun. Hebe rò pé aṣọ ló fẹ́ kó lé e.

Láti ọjọ́ kejì ni Hebe ti ń rí i nínú kámẹ́rà tí wọ́n fi ń ṣọ́ yàrá. Màmá náà á bu omi gbígbóná sínú ahá tó fi ń mu matẹ́, tíì ewé ìlú wọn, á fà á mu, á tún bu omi sí i, á wá na ahá náà sí àga tó ṣófo. Á dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń jẹ́ kí ẹlòmíì mu tirẹ̀ tán, kó tó fọwọ́ fà á padà.

Hebe bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù ara ògiri. "Màmá, ta lẹ ń fún ní matẹ́?"

"Zulma ni. Àbúrò mi."

"Ẹ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé."

"Ṣebí ìwọ lo sọ pé ẹni tó bá sún mọ́ mi máa gbà nínú ìtànṣán yìí. Zulma ní òun fẹ́ gbà nínú ẹ̀."

Hebe mọ orúkọ yẹn. Ó rántí Zulma. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, irú àìsàn yìí kan náà ló gbé e dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá yìí. Ó wo bí ilẹ̀kùn náà ṣe nípọn tó, ó ní òun ò lè dá wà níbẹ̀. Hebe bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Ó padà sílé, àìsàn náà sì pa á.

Lọ́jọ́ tí Delmira jáde, Hebe àti Dardo, ọkùnrin tó máa ń wọn ìtànṣán inú yàrá, wọlé lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀rọ tí Dardo fi ń wọn ìtànṣán dún lórí bẹ́ẹ̀dì, bó ṣe yẹ. Ó dún díẹ̀ lórí ìjókòó àga náà. Hebe ní omi matẹ́ ló ta sí i. Dardo gbé ẹ̀rọ gba ẹ̀yìn àga lọ sókè, kò dún rárá. Àfìgbà tó dé òkè pátápátá, níbi tí ọrùn ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ máa wà. Níbẹ̀ ni ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í han, ó le ju ti bẹ́ẹ̀dì lọ.

Dardo ní bóyá màmá náà fara tì í ni. Hebe padà lọ wo gbogbo ohun tí kámẹ́rà gbà sílẹ̀. Delmira ò jókòó síbẹ̀ rí, kò fọwọ́ kan ẹ̀yìn àga náà. Dardo ní kí àwọn jù ú nù. Hebe kọ̀; ó gbé e lọ sí yàrá olójé tí wọ́n ń kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sí títí ìtànṣán ara wọn á fi tán. Láràárọ̀ ló ń lọ wọ̀n ọ́n. Ìtànṣán rẹ̀ ń yára lọ sílẹ̀ ju ti ẹrù lásán lọ, gẹ́lẹ́ bí oògùn náà ṣe máa ń lọ sílẹ̀ lára èèyàn. Ìyẹn ló bà á lẹ́rù jù.

Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, Delmira padà wá fún àyẹ̀wò. Àwọn ibi tí àrùn ọrùn náà ràn dé nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí nínú àwòrán tí wọ́n kọ́kọ́ yà, ti pòórá. Hebe sọ fún un pé ara rẹ̀ ti yá. Màmá náà dúpẹ́, ó wá béèrè pé, "Tiẹ̀ ńkọ́?"

Hebe mọ̀ pé Zulma ni màmá náà ń béèrè. Ó ní, "Kò sí nǹkan kan lára àga yẹn mọ́, màmá."

"Ó ti sàn nìyẹn," ni Delmira wí, ó sì fi ìborùn rẹ̀ wé ọrùn dáadáa nítorí afẹ́fẹ́ ìta.

Hebe kọ àbájáde ìwádìí rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì yìn ín. Kò mẹ́nu kan àga. Ṣùgbọ́n títí tó fi fẹ̀yìn tì, aláìsàn tó bá tọrọ àga kan sí i, ó ń gbà fún un, kì í sì í béèrè ta ló fẹ́ jókòó.