Ègé Búrẹ́dì Tí Ìyá Àgbà Fún Musu

Bí mo bá gbóòórùn búrẹ́dì ìrẹsì ọlọ́gẹ̀dẹ̀ báyìí, mo ṣì máa ń jowú.

Ọjọ́ tí ìyá àgbà pé àádọ́rin ọdún ni, nílé wa ní Gardnersville. Àlùfáà ṣàdúrà ọpẹ́, gbogbo wa ṣe àmín. Bí wọ́n ṣe gé búrẹ́dì tó gbóná fẹlifẹli, mo tẹ́wọ́, torí èmi ni àkọ́bí ọmọ-ọmọ. Ìyá àgbà ò tilẹ̀ wojú mi.

“Musu, my pikin, come!”

Ọmọ apẹja etí òkun West Point lásánlàsàn! Ìyá àgbà fi ègé àkọ́kọ́ lé e lọ́wọ́, ó gbọ́wọ́ lé e lórí, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tomijé-tomijé.

“Ìyá àgbà, èmi ńkọ́?”

“Ṣe sùúrù, ọkọ mi.”

Mo dàgbà kí n tó gbọ́ pé abẹ́ àwọ̀n ìyá Musu ni ìyá àgbà sá pamọ́ sí nígbà ogun.

Síbẹ̀, nígbà tí búrẹ́dì fi máa kàn mí, ó ti tutù.