Bámidúró, Ajá Tí A Sọ Di Apànìyàn

Òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi ló kọ́kọ́ máa ń pàdé èèyàn ní abúlé yẹn, lẹ́yìn Ìbògùn, kí o tó rí òrùlé kankan. Ó máa ń wọ aṣọ, ó máa ń wọ irun, bí mo bá sì padà dé yàrá tí mo háyà ní Ìbàfò, á ṣì wà lára mi. Nígbà náà, mò ń kun ojú àti ara àwọn òṣèré. Kò tíì pé ọdún méjì tí mo kó dé láti Ìkìrun, àmọ́ àwọn tó ń ya fíìmù ní Mowé àti Mágbòrò ti ń dárúkọ mi fún ara wọn. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ ọgbẹ́ yà sára èèyàn bíi tèmi. Tòmátì inú agolo, oyin díẹ̀, àti omi ìṣápá pupa tí wọ́n ń pè ní sóbò, tí mo sè títí tó fi ki: bí mo bá ti pò wọ́n pọ̀, o ò lè mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀.

Ìwọ náà á ti wo fíìmù yẹn, èyí tí àwọn ajá ti dìde sí gbogbo ìlú nítorí ọdẹ kan tí wọ́n pa láìṣẹ̀. Títí dòní, wọ́n ṣì ń wò ó lórí fóònù, àwọn òbí á sì máa sọ fún ọmọ wọn pé fíìmù tó ń lé àwọn wọ abẹ́ tábìlì nìyẹn. Ohun tí o kò mọ̀ ni irú ẹni tí ajá tó ṣáájú wọn jẹ́ nílé ara rẹ̀, èyí tó ní àmì funfun tó yí ojú òsì rẹ̀ ká.

Bámidúró lorúkọ rẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó ń ṣe fùfú tà ní abúlé yẹn ló ni ín, ẹ̀gbọ́n lánlọ́ọ̀dù mi. Ọdún tí ọkọ ìyá náà kú ni ẹnì kan gbé e wá fún un, nígbà tó ṣì kéré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Bí Ìyá bá ń lọ sóko, ajá á ṣáájú. Bí ó bá jókòó tó ń bẹ ẹ̀gẹ́, ajá á gbé àgbọ̀n lé e lẹ́sẹ̀. Adìẹ máa ń jẹun nínú àwo rẹ̀, kì í gbó mọ́ wọn.

Olùdarí eré wa ti wo àwọn ajá ńláńlá tí wọ́n fi ń ṣọ́lé, ẹ̀rù wọn ló bà á. Ó ní ajá tó máa gbọ́ràn lòun ń wá. Èmi ni mo dárúkọ Bámidúró, èmi náà ni mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" ó bi mí.

"Ajá ọdẹ ló máa ṣe nínú eré, Ìyá. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni."

"Wọn ò ní í nà án?"

"Màá tọ́jú ẹ̀ bí ọmọ, mà."

Irọ́ pátápátá kọ́ ni mo pa. Ajá ọdẹ ni lóòótọ́. Pé ajá ọdẹ yẹn máa fa ọ̀fun èèyàn mẹ́fà ya kí eré tó parí ni mi ò sọ. Bí mo bá sọ ọ́, kò ní í gbà, mo sì mọ̀.

Ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ parí ní Mágbòrò la ti ya á. Ọ̀sán gangan la fi ṣe òru, a ta ọ̀rá aláwọ̀ búlúù bo fèrèsé. Òṣèré á fi ẹran díndín sábẹ́ kọ́là aṣọ rẹ̀, Bámidúró á fò mọ́ ọn, á máa wá ẹran náà, òṣèré á máa ké. Ìṣòro ibẹ̀ ni ìrù. Bó ṣe ń "pa" èèyàn ló ń ju ìrù, inú rẹ̀ ń dùn, àfìgbà tí a fi okùn ìpẹja tín-ín-rín so ìrù náà mọ́ itan rẹ̀. Mo po funfun ẹyin títí tó fi hó, mo fi sí i lẹ́nu kó dà bí ìfófó, ó lá a tán. Gbígbó tó ń dẹ́rù bani yẹn, ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ ló ki orí bọ inú bákẹ́ẹ̀tì tó ń bú bí ẹranko. A rẹ́rìn-ín títí. Ẹnikẹ́ni ò nà án, èyí tí mo ṣèlérí yẹn, mo mú un ṣẹ.

Lọ́jọ́ kejì, olùdarí ní, "Fi dúdú pa funfun ojú yẹn rẹ́, kí òun àti àwọn ajá yòókù jọra."

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó wà," mo dá a lóhùn. "Òun ni wọ́n máa fi rántí ẹ̀."

Ó wo ajá náà, ó ní ó dáa. Mo tún fi àtíkè kún un kó lè tàn dáadáa. Bí mo bá ní kí n ka àwọn ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, tó wù mí kí n padà lọ pa rẹ́, ìyẹn ló ṣáájú.

Fíìmù jáde, ó sì tà. Ojú Bámidúró wà lórí pósítà ní Ìfọ̀, ní Mowé, títí dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìbògùn, àmì funfun rẹ̀ ń tàn, wọ́n ti sọ ẹyinjú rẹ̀ di pupa.

Kò pẹ́ sígbà náà, Ìyá gun ọ̀kadà wá bá mi ní Ìbàfò. Kò jẹ́ kí n kí i tán.

"Òkò làwọn ará abúlé ń sọ lu Bámidúró. Wọ́n ní ẹ̀mí kan ti wọ inú ẹ̀. Ọmọ aládùúgbò mi ń ṣàìsàn, wọ́n ní nítorí pé ajá wo ojú ẹ̀ ni. Wá bá mi sọ fún wọn pé eré ni. Ìwọ ni wọ́n máa gbà gbọ́."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ fẹ́ pa mí. Mo bu omi fún un, mo ní, "Mò ń bọ̀ ní Sátidé, Ìyá." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé mo ti ṣe é tán.

Ní Sátidé yẹn, òṣèrébìnrin kan tí mo ti ń wá ojú rere rẹ̀ tipẹ́ ránṣẹ́ pè mí wá kun ojú òun ní Mowé, mo lọ. Òjò rọ̀ ní Sátidé kejì. Sátidé kẹta ni mo tó di búrọ́ọ̀ṣì, àtíkè àti ìgò ẹ̀jẹ̀ tòmátì sínú báàgì, mo forí lé abúlé.

Ìyá ń bẹ ẹ̀gẹ́. Kò sí nǹkan kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹnì kan ti fi májèlé sínú orí ẹja, ọ̀nà oko ni Ìyá ti rí òkú ajá náà lọ́jọ́ mẹ́rin ṣáájú. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé iṣẹ́, òjò, ọkọ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ajá ò mọ̀ pé eré ni," ó ní. "Àwọn èèyàn náà ò mọ̀. Ìwọ nìkan lo mọ̀."

Kò pariwo, kò ṣépè. Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn.

Mo bá jáde sójúde, mo fi ẹ̀jẹ̀ tòmátì ya ọgbẹ́ ńlá sí apá ara mi lójú àwọn aládùúgbò, mo sì fi aṣọ nù ún kúrò. Àwọn kan sá, wọ́n padà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá ọmọ tó ṣàìsàn, tí ara rẹ̀ ti yá nígbà náà, fi ọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ tó wà lára aṣọ náà, ó tọ́ ọ wò. "Oyin rèé!" ló sọ, ló bá gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, ó wọlé. Gbogbo rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, mo ra ọmọ ajá kan lọ fún Ìyá. Ó fọwọ́ pa á lórí, ó dá a padà fún mi. "Gbé e lọ, ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kí èyí náà mọ̀ mí." Mo ṣì ń lọ kí i títí tó fi kú, mo máa ń bá a bẹ ẹ̀gẹ́. A kò sọ̀rọ̀ ajá mọ́.

Mo ti wá di ẹni tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń yìn mí nítorí fíìmù náà, mo máa ń dúpẹ́, ohun tó tọ́ kéèyàn ṣe nìyẹn. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, mo gbà pé bí mo ti ṣe iṣẹ́ mi dáadáa, ohun tó bá tẹ̀ lé e kò kàn mí mọ́. Ní báyìí, mo mọ̀ pé ẹni tó dẹ́rù ba aráyé, tó sì mọ̀ pé irọ́ lẹ̀rù náà, òun ló yẹ kó yára jù lọ láti lọ sọ ọ́. Èmi dúró de Sátidé.