Ẹ̀rọ Tó Mọ Ojú Àna

Dà-á-nù ni àwọn tó ń sin màlúù ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ láràárọ̀. Ẹnu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń gba wàrà ló ń jókòó sí, pẹ̀lú ẹ̀rọ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Á kán wàrà sórí bébà tẹ́ẹ́rẹ́, á ki bébà bọ ẹ̀rọ lẹ́nu. Bí iná rẹ̀ bá tàn láwọ̀ ewé, wàrà mọ́. Bó bá pọ́n, oògùn tí wọ́n gún fún màlúù ṣì kù nínú wàrà, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ mu ún. Dà á nù! Kò gbẹ̀bẹ̀.

Àfi pé wàrà ìyá ìyàwó rẹ̀ kò pọ́n rí. Ìyá máa ń ka iye ọjọ́ tí oògùn abẹ́rẹ́ fi ń kúrò lára màlúù kó tó gbé wàrà wá, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn?

"Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì," ni Baba Olóhùn Gooro, aláriwo wọn, ń wí kiri. "Ẹ̀rọ yẹn mọ ojú àna! Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, ibòmíì la ó máa gbé wàrà wa lọ."

Bí wọ́n bá lọ lóòótọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Dà-á-nù nìyẹn. Ìrònú ò jẹ́ kó lè jẹun dáadáa mọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, ìyá ìyàwó gbé kẹ́ẹ̀gì kan dé. Iná pọ́n. Dà-á-nù nu ẹ̀rọ, ó tún un ṣe. Ó tún pọ́n. Gbogbo àwọn tó tò sórí ìlà na ọrùn.

"Kí ni ẹ̀rọ ẹ wí?" ni ìyá bi í.

"Ó... ó ní oògùn wà nínú ẹ̀, mà."

"Kí lo wá ń dúró dè?"

Ẹ̀rù ohun tí ìyàwó rẹ̀ máa sọ ń bà á, síbẹ̀ ó tẹrí ba fún ìyá, ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó dà á nù tán pátápátá. Ìyá sún mọ́ ọn létí.

"Ìjẹta la gún màlúù tó ni wàrà yìí lábẹ́rẹ́. Wàrà tí mo fẹ́ dà nù nílé náà ni. Mo ní kí wọ́n fojú ara wọn rí i."

"Háà! Ẹ ò bá ti sọ fún mi, mà!"

"Kí n sọ fún ẹ kẹ̀? Ojú ẹ yìí ò lè pa àṣírí mọ́. Ó yá, fọ kẹ́ẹ̀gì mi."

Inú Dà-á-nù dùn débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ló fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Nígbà tó nàró, Baba Olóhùn Gooro ló kàn, ó sì ti ń fi ẹsẹ̀ rọra ti kẹ́ẹ̀gì tirẹ̀ kúrò lórí ìlà.

"Ẹ̀yin ló kàn, sà."

"Ẹ jẹ́ ó dọ̀la," ni baba fi ohùn kẹ́lẹ́ dáhùn.