Wọ́n ní kí n ta kẹ̀kẹ́ bàbá mi fún àwọn tó ń ra irin

Lónìí, díẹ̀ ló kù kí kẹ̀kẹ́ bàbá mi di àwókù irin.

Mo ra ẹsẹ̀ tòkunbọ̀ méjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, fún un, mo gbé e lọ bá Bàbá Sàkà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Lagos Town, ní Accra níbí. Wọ́n de ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ló bá ń ha férémù lápá òsì.

"Férémù ti wọ́, ọmọ mi. Tà á fún àwọn oníkọ́ńdẹ́ẹ̀mù tó ń ra irin."

Férémù tó fi ọdún gbọọrọ gbé ẹrù láti ọjà Okaishie?

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ẹsẹ̀ yẹn, kí ẹ yí òsì ẹ̀ sí ọ̀tún. Tó bá ṣì ń ha òsì, férémù ló wọ́. Tó bá wá ń ha ọ̀tún, ẹsẹ̀ tí mo rà ló lẹ́jọ́."

Wọn ò fẹ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn, mo ní mi ò lọ.

Wọ́n yí i. Ó ń ha ọ̀tún.

Wọ́n bá ń fún àwọn wáyà tó di ẹsẹ̀ náà mú le lápá kan, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi dúró láàárín.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ni."

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni wọ́n ní kí ẹ jù nù tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nílé yín?