Ibi Tí Nabbosa Yóò Jókòó Sí

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Nabbosa, ó fi abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ó ń rán gomesi, aṣọ gígùn onígbànú tí àwọn obìnrin máa ń wọ̀ sóde, fún ìyá ìyàwó kan ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Masaka, ní Uganda. Kò dá mi lóhùn títí ó fi rán ìgbànú aṣọ náà tán. Iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Ọkùnrin ni wọ́n pè é nígbà tí wọ́n bí i. Ọ̀pọ̀ ló mọ̀ ládùúgbò, ṣùgbọ́n aránṣọ ni wọ́n ń pè é. Ìgbà tí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí òfin tuntun tí wọ́n fẹ́ fi máa mú irú wọn ni orúkọ pọ̀. Ẹnìkan á ní "àrùn òyìnbó," òmíràn á ní "ẹlẹ́tàn." Àwọn tó ń gbèjà irú wọn ní Kampala náà ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tiwọn.

Nabbosa dín ohùn rédíò kù, ó kọjú sí mi. "Tíṣà, ẹ wo bí orúkọ mi ṣe pọ̀ tó, kò sì sí èyí tí ìyá mi lè fi pè mí wá jẹun."

A jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ló ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ lọ́sàn-án gangan.

Bàbá rẹ̀ sì kú lábúlé.

"Ẹ bá mi lọ, Tíṣà. Ẹ̀rù ń bà mí."

Ibi tí yóò jókòó sí ló ń bà á lẹ́rù. Níbi òkú, àwọn obìnrin a máa wà nínú ilé lọ́dọ̀ òkú, àwọn ọkùnrin a sì wà nídìí iná lóde. Kò sí àárín. Tó bá jókòó síta, bí àlejò ni yóò ṣe sin bàbá rẹ̀. Tó bá wọlé, wọ́n lè lù ú pa.

Gomesi ló wọ̀. A wọ agboolé.

Kityo, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, dìde nídìí iná. "Ṣé ìwọ nìyí? Kí la ó tiẹ̀ máa pè ẹ́? Ṣé ti inú rédíò ni?"

Àwọn ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan gbé fóònù sókè, ó ń ya àwòrán rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n rí Bàbá."

"Lọ bọ́ aṣọ yẹn ná, kó o wá jókòó tì wá!"

Mo di apá rẹ̀ mú. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé bí obìnrin ṣe ń kí àgbà.

Ssenga, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin tó máa ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ìdílé níwà, yọjú. Ó wò ó pẹ́.

"Ta ló rán aṣọ yìí?"

"Èmi ni, Ssenga."

"Ìgbànú rẹ ti ń tú. Ṣé bí wọ́n ṣe ń wá sin bàbá ẹni nìyẹn? Wọlé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kí n bá ẹ dì í."

"Ssenga, ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí rédíò ń sọ ni?" Kityo pariwo.

"Ṣé rédíò ló bí i?"

Nabbosa jókòó síbi ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ títí wọ́n fi gbé òkú jáde. Èmi ò gbójú kúrò lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má bàa wọlé wá lù ú.

Àwòrán tí ọkùnrin yẹn yà ṣáájú wa dé Masaka. Wọ́n ti fọ́ ìsọ̀ rẹ̀ ká tó dé. Nakuru, ní Kenya, ló ń gbé báyìí, aṣọ ilé-ìwé ló ń rán.