Bí Rasanjali Ṣe Mọ Ìtumọ̀ "Endemic"

Ọdún mọ́kànlá ni Rasanjali fi já ewé tíì lórí òkè tó wà lẹ́yìn ìlú Deniyaya ní Sri Lanka kó tó gbọ́ pé wọ́n ń wá àwọn tí yóò máa mú àlejò wọ igbó Sinharaja. Kíá ló lọ forúkọ sílẹ̀. Ó mọ igbó náà bí ẹni mọ yàrá ìyá rẹ̀. Ó mọ ibi tí oyin wà, ó sì mọ ọ̀nà tí eṣúṣú kì í ti í pọ̀ lásìkò òjò. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kò dá a lójú.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, wọ́n ní kó máa tẹ̀ lé Weerakkody, ọkùnrin tó ti ń mú àlejò kiri láti ogún ọdún. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá láàárọ̀ ọjọ́ kan ni kehibella kan, ẹyẹ aláwọ̀ aró ẹlẹ́sẹ̀ pupa, bà sórí ẹ̀ka kan níwájú wọn. Weerakkody nawọ́ sí i, ó fi gbogbo ẹnu pè é fáwọn àlejò pé, "Endemic!"

Àyà Rasanjali já. Ó mọ ọ̀rọ̀ yẹn! Òun ni wọ́n kọ gàdàgbà sára ògiri ilé ìwòsàn, lábẹ́ àwòrán ẹ̀fọn, nípa ibà tó ń dààmú gbogbo agbègbè. Màmá àgbàlagbà kan láti Jámánì sì rèé, tó ń gbé kámẹ́rà sún mọ́ ẹyẹ náà. Rasanjali fò sókè, ó fa màmá náà sẹ́yìn.

"Ẹ má sún mọ́ ọn, màdáámù! Àìsàn ń bẹ lára ẹyẹ yẹn!"

Ẹyẹ fò lọ. Weerakkody rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí òkúta. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo abúlé ti fún Rasanjali lórúkọ. "Dókítà Ẹyẹ, ẹ kú iṣẹ́ o! Adìẹ mi ń húkọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò!" Piyal ọkọ rẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Bó ṣe ń bu ìrẹsì sáwo ló ń bi í pé, "Ìyá Sanduni, ṣé ọbẹ̀ àgbọn yìí ò tíì di endemic?"

"Ẹ rín in dáadáa," ni Rasanjali dáhùn. "Màá mọ ọ̀rọ̀ yẹn ju gbogbo yín lọ."

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tó fi dé ilé tí Dókítà Ishanka wọ̀ sí. Ọ̀dọ́bìnrin náà wá láti yunifásítì láti ka iye ọ̀pọ̀lọ́ inú igbó. Ó ń fọ ẹrẹ̀ kúrò lára bàtà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Báwo ni ibà ṣe máa jẹ́ endemic, tí ẹyẹ tó lẹ́wà báyẹn náà á tún jẹ́ endemic?"

Dókítà gbé bàtà sílẹ̀. "Àǹtí, ẹ ti mọ ìdajì ẹ̀. Lẹ́nu àwọn oníṣègùn, àìsàn tó ti sọ ibì kan dilé, tí kì í kúrò níbẹ̀ tán, ni. Ó lè wà níbòmíràn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwa tá à ń kọ́ nípa ẹranko àti igi, ohun tó jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ló wà, tí kò sì sí níbòmíràn ní gbogbo ayé, ni."

"Ní gbogbo ayé? Kehibella ò sí ní Íńdíà?"

"Kò sí."

"Ní Jámánì ńkọ́?"

"Kí ló fẹ́ wá lọ síbẹ̀? Erékùṣù tiwa yìí nìkan ni."

Ara Rasanjali bù máṣọ. "Yéè! Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ́ lókò nídìí ìbẹ́pẹ wa!"

Ẹ̀rín wá pa Dókítà. Ó ní kò tó kéèyàn kàn sọ pé nǹkan jẹ́ endemic, ó gbọ́dọ̀ dárúkọ ibi tó ti jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹyẹ kan lè jẹ́ ti erékùṣù, ọ̀pọ̀lọ́ kan sì lè jẹ́ ti òkè kan péré. Ó ní kì í ṣe ohun tó ṣọ̀wọ́n ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè pọ̀ rẹpẹtẹ níbi tó wà.

"Tíì wa ńkọ́?" Rasanjali bèèrè.

"Tíì? Àwọn òyìnbó ló gbé e wá."

"Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń já ewé àlejò!"

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí kò dán ọ̀rọ̀ yẹn wò lára rẹ̀. Ó sọ fún Piyal pé híhanrun rẹ̀ jẹ́ endemic sí ilé àwọn. Piyal ní, "Bàbá mi náà ń hanrun bẹ́ẹ̀ ní ìlú Matara." Rasanjali ronú díẹ̀. "Kì í ṣe endemic nìyẹn. Ó ti wà níbi méjì."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìdánwò dé. Bàbá kan tó wá láti Kòlóńbò láti dán wọn wò to àwòrán ẹyẹ márùn-ún sórí tábìlì. Weerakkody jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wò wọ́n.

"Èwo nínú ìwọ̀nyí ni kì í ṣe endemic sí erékùṣù wa?"

Rasanjali wò wọ́n lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹyẹ ẹlẹ́nu-bí-ọ̀pọ̀lọ́, tí orúkọ Sri Lanka wà nínú orúkọ tí òyìnbó ń pè é. Àwọn tó ti ṣáájú rẹ̀ wọlé ò tilẹ̀ wo ìyẹn. Ṣùgbọ́n ó rántí pé Dókítà sọ pé òun ti rí irú rẹ̀ níhà gúúsù Íńdíà. Ó gbé ìka lé e.

"Eléyìí ni, sà. Orúkọ wa ló ń jẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ó nílé lórí àwọn òkè Íńdíà."

Bàbá náà yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Wọ́n ní ibà tí ẹ̀fọn ń fà náà jẹ́ endemic. Báwo nìyẹn ṣe jẹ́?"

Rasanjali là á yé e bí Dókítà ṣe là á yé òun, ó ya lílò méjèèjì sọ́tọ̀ síra. Ọkùnrin náà fi àmì sí ìwé rẹ̀, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó yege!

Weerakkody sáré bá a níta. Ó wò yíká kó tó sọ̀rọ̀.

"Àbúrò, jọ̀ọ́, tún un ṣàlàyé fún mi. Ogún ọdún ni mo ti ń pariwo ọ̀rọ̀ yẹn. Arẹwà ni mo rò pé ó túmọ̀ sí."

Rasanjali dì mọ́ ògiri kó má baà ṣubú fún ẹ̀rín. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó lábẹ́ igi, ó bẹ̀rẹ̀ látorí kehibella. Bọ́ọ̀sì Deniyaya tó yẹ kí wọ́n wọ̀ lọ sílé kọjá lára wọn, wọn ò tilẹ̀ rí i.