Darandaran Tí Mo Kí ní Peckham Rye

Ẹ má rò pé mo ń pa àlọ́ fún yín. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mò ń ṣe ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, mi ò mutí, mi ò mugbó. Ojú mi méjèèjì ló rí i.

Ó ti pé ọdún méjì tí ẹsẹ̀ Bàbá tí mò ń tọ́jú ti kọ ìrìn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo fi kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn tì wọ́n lọ sí pápá Peckham Rye kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn. Kùrukùru bo gbogbo ibẹ̀.

Bàbá fẹ́ràn ìtàn. Wọ́n ní kí ilé tó pọ̀ níbí, pápá màlúù ni. Ibẹ̀ làwọn darandaran ti ń sinmi kí wọ́n tó da ẹran wọ ọjà Lọ́ńdọ̀nù, ilé oúnjẹ àti ìsọ̀ tí wọ́n kọ́ fún wọn ló sì di ìlú. Mo ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sà, bẹ́ẹ̀ ni sà, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ bọ́ọ̀sì New Cross tó máa gbé mi lọ sílé.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ ìró pátákò.

Màlúù ń kọjá nínú kùrukùru, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Ẹ gbà mí gbọ́, òórùn wọn gba imú mi. Òyìnbó kan ń fi ọ̀pá gígùn kan èjìká wọn, ó ń kà wọ́n, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀.

Wọ́n ti kọ́ wa nílé pé a kì í rẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ ká má kí i. Kí n tó ronú, mo ti tẹ orúnkún: "Ẹ kú iṣẹ́ o, sà."

Bàbá gbá ọwọ́ mi mú. Wọ́n rọra sọ pé, "Kí lo kí i fún? Kò tíì rí wa kó o tó kí i."

Ọkùnrin náà yíjú sí wa. Ó na ọ̀pá, ó fi kan èjìká Bàbá, ó kà wọ́n mọ́ ẹran rẹ̀. Mo ti kẹ̀kẹ́, kò yí. Nígbà tí ara mi máa fi balẹ̀, pápá ti ṣófo, ó ku èmi àti Bàbá.

Láti ọjọ́ yẹn, tó bá di ọ̀sán, Bàbá á dìde fúnra wọn, wọ́n á kọrí sẹ́nu ọ̀nà. Inú ọmọ wọn ń dùn. "Alhamdulillah, Aunty, Daddy ti ń walk!"

Kò gbọ́ ohun tí Bàbá ń sọ sí mi létí: "Dì mí mú. Wọ́n ti ń dà wá lọ."

Mò ń dì wọ́n mú o. Lánàá, ẹ̀bá títì ni mo tó rí wọn mú. Ẹ̀rù ń bà mí, agbára mi ò sì ká a mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba Rye kọjá, tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń da màlúù nínú kùrukùru, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pè yín ní ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́.